Ọbẹ̀ Tòmátì Ẹlẹ́ran Ìkarahun: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Ìlà mẹ́ta péré ni a kọ nípa ọbẹ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Sábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn kan ní iyanrìn ni ìṣòro àwọn, àwọn kan ní ọbẹ̀ náà ń kan jù, àwọn kan fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe fún ara. A ti kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀ sójú kan, a sì ti gé àwọn tó gùn jù kúrú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, torí pé ó hàn nínú lẹ́tà mélòó kan pé ìṣáwùrú ni àwọn èèyàn ń rò. Ìṣáwùrú kọ́ o. Ìkarahun ìṣáwùrú ẹyọ kan ṣoṣo ni, ó lọ́ bíi ti ìgbín. Èyí tí à ń wí, abala méjì ni ìkarahun rẹ̀: wọ́n so mọ́ra lẹ́yìn bí ilẹ̀kùn ṣe so mọ́ òpó, wọ́n sì pàdé níwájú bí ètè. Àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é ní palourde. Ẹran ìkarahun la ó máa pè é níbí.

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹran ìkarahun ní ọjà Wándó, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, síbẹ̀ iyanrìn ń ró lẹ́nu àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n ń jẹun. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?*
*Ìyàwó ilé kan, Àjàṣẹ́*

Ẹ kú làálàá, màmá. Ẹ̀yìn ìkarahun ni ẹ fọ̀, inú ni iyanrìn wà. Ẹran yìí ń fa omi sínú, ó sì ń tu ú jáde; bó ṣe ń jẹun nìyẹn, ibẹ̀ sì ni iyanrìn ti ń bá a wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa tu ú, kò sì ní tu ú àfi tó bá wà láàyè, tí omi tí ẹ kó o sí sì jọ omi tí wọ́n ti kó o wá. Tí ẹ bá da omi ẹ̀rọ lásán lé èyí tó ti inú omi oníyọ̀ wá, á pa ẹnu dé pinpin, iyanrìn á sì bá a dé inú ìkòkò.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó tà á fún yín pé níbo ni wọ́n ti kó o. Omi òkun ní nǹkan bí 35 gíráàmù iyọ̀ nínú lítà kan. Omi ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í dúró sójú kan. Nígbà tí odò Wẹ́mẹ̀ bá kún, láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ọ̀sà mọ́. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á tún gba ọ̀nà Kùtọnu wọlé, iyọ̀ á padà. Fún ti ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣíbí tíì mẹ́ta iyọ̀ tí ẹ fi ọwọ́ gé lórí, ìyẹn nǹkan bí 18 gíráàmù, ti tó fún lítà omi kan. Nígbà ìkún omi, ṣíbí kan ti tó. Èyí tó ti inú odò gangan wá kò fẹ́ iyọ̀ rárá.

Ẹ lo abọ́ fífẹ̀, kí omi má jìn. Tí wọ́n bá gun ara wọn lórí ju ìpele méjì lọ, àwọn tìsàlẹ̀ á rọ́. Ẹ da ajọ̀ tàbí asẹ́ délẹ̀ sínú abọ́ náà, kí ẹ tó tò wọ́n lé e lórí, kí iyanrìn tí wọ́n bá tu lè bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí wọn kò ti ní rí i fà padà. Ẹ gbé abọ́ náà síbi tí oòrùn kò dé fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, kí ẹ pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i tí ọ̀kọ̀ọ̀kan la ẹnu díẹ̀, tí ohun kan bí ọ̀pá kékeré yọ síta, tó ń tu omi. Iyanrìn ló ń tu yẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́ ni ìgbẹ̀yìn: wọ́n á gbé abọ́, wọ́n á dà á sínú asẹ́, iyanrìn tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ á sì tún dà lé ẹran lórí. Ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà wọ́n kúrò nínú omi.

*Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ti kú?*
*Ọmọge kan, Àjàṣẹ́*

Èyí tó wà láàyè á pa ẹnu dé, tàbí kó pa á dé tí ẹ bá fi èèkánná kàn án. Èyí tó la ẹnu sílẹ̀ tí kò mira, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tí ìkarahun rẹ̀ fọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tó wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lọ́pọ̀ ìgbà ẹrẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ìyẹn nìkan sì tó láti sọ ìkòkò ọbẹ̀ kan di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Lẹ́yìn sísè, èyí tó kọ̀ tí kò là, ẹ má fi ọ̀bẹ là á.

*Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ bí a ṣe ń sè é sílẹ̀ fún wa pẹ̀lú ìwọ̀n. Ọbẹ̀ tí mo jẹ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi pupa, ó ṣàn díẹ̀, iṣu kéékèèké wà nínú rẹ̀, kò sì jọ mòyó tí à ń sè nílé.*
*Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ajárá*

Òótọ́ ni, kì í ṣe mòyó. Mòyó ki, a sì máa ń dà á lé ẹja tàbí adìyẹ lórí. Èyí ṣàn, ṣíbí la fi ń mu ún. Ìdílé ọbẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Manhattan clam chowder ló ti wá. Ànàmọ́ òyìnbó ni tiwọn. Iṣu dára níbẹ̀, tí kì í bá ṣe èyí tó máa ń fọ́ sómi.

Fún èèyàn mẹ́fà: ẹran ìkarahun tó wà nínú ìkarahun rẹ̀, kílò 2 (ẹran tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ kò ní ju 350 sí 450 gíráàmù lọ, kó má yà yín lẹ́nu), tòmátì tó pọ́n dáadáa, kílò kan, tòmátì inú agolo, ṣíbí ọbẹ̀ kan, àlùbọ́sà ńlá méjì, áyù, ojú mẹ́ta, káróòtù méjì, igi séléri méjì tí ẹ bá rí i, iṣu, 400 gíráàmù, òróró, ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta, ata tútù kan, ewé laurier kan àti ẹ̀ka thym díẹ̀ (ewé olóòórùn dídùn ni méjèèjì). A kò kọ iyọ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe pé a gbàgbé.

Ẹ da ife omi kan, bí 250 mílílítà, sínú ìkòkò fífẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó hó kíkankíkan, kí ẹ tó kó ẹran ìkarahun sí i, kí ẹ sì dé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin wọ́n á máa là. Láti ìgbà tí èyí tó pọ̀ jù bá ti là, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 3 sí 5 sí i, kí ó máa hó. Ẹ kó wọn kúrò, kí ẹ yọ ẹran inú wọn sínú abọ́, kí ẹ bò ó.

Omi tó kù nínú ìkòkò yẹn ni ọbẹ̀. Ẹ má dà á nù! Nínú gbogbo lẹ́tà tí a gbà, mẹ́fà ló sọ pé àwọn da omi àkọ́kọ́ nù nítorí pé ó dúdú díẹ̀, tí wọ́n sì wá fi kúùbù méjì mẹ́ta wá adùn tí wọ́n ti dà sí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìdọ̀tí rọ̀, kí ẹ rọra da tòkè gba inú aṣọ funfun mímọ́ tí ẹ ká po lọ́nà méjì. Ṣíbí méjì tó kù nísàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò. Ibẹ̀ lẹ máa ti mọ iye iyọ̀ tó ti wà nínú ọbẹ̀ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgò iyọ̀.

Ẹ bu omi kún un títí yóò fi pé lítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin lítà, kí ẹ gé iṣu sí kéékèèké bí orí ìka, kí ẹ sè é nínú omi náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 12, títí ọ̀bẹ yóò fi wọlé ṣùgbọ́n tí kò ní fọ́.

Nínú ìkòkò kejì, ẹ fi òróró dín àlùbọ́sà lórí iná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kó rọ̀, kó dán, kó má pọ́n. Ẹ fi káróòtù, séléri àti áyù sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tòmátì inú agolo ló kàn, kí ẹ dín in fún ìṣẹ́jú méjì títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dúdú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tòmátì tútù tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ata, laurier àti thym. Ẹ má lọ tòmátì yìí kúnná. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi tòmátì lílọ̀ sè kì í ní ara. Ẹ jẹ́ kó dín fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ìgbà tí òróró bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé téńté ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, omi tòmátì ti gbẹ nìyẹn. Ẹ wá da iṣu àti omi rẹ̀ sí i, kí wọ́n jọ hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹran ló kẹ́yìn. Ìṣẹ́jú méjì péré, kí ó kàn gbóná. Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ wá pinnu nípa iyọ̀.

Ẹ̀kọ ni a ó fi jẹ ẹ́ tó bá jẹ́ tiwa. Àwọn kan ń fi amíwọ̀, ìyẹn òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò, jẹ ẹ́. Kò burú, àmọ́ tòmátì lórí tòmátì ni.

*Iṣu inú ọbẹ̀ mi kò rọ̀ lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Iṣu tuntun ni mo rà ní Kétu níbí, kì í ṣe èyí tó ti gbó. Ọbẹ̀ náà sì ń kan. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi kàún sí i.*
*Ìyàwó kan, Kétu*

Iṣu yín kò ní ẹ̀bi. Inú tòmátì ni ẹ ti sè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Kíkan tòmátì kì í jẹ́ kí ohun tó so ara iṣu pọ̀ tú, torí náà ó lè hó títí kó ṣì le láàárín. Ànàmọ́ àti ẹ̀wà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ kọ́kọ́ sè é nínú omi ẹran kí ó tó pàdé tòmátì.

Ọ̀rọ̀ kàún: ẹ kí màmá fún wa, òótọ́ ni wọ́n sọ pé ó ń pa kíkan. Ṣùgbọ́n ó tún ń pa fítámì C tòmátì àti fítámì B1, ó ń fi sódíọ́mù, ohun tó wà nínú iyọ̀, kún ọbẹ̀ tó ti ní i tẹ́lẹ̀, tó bá sì fi díẹ̀ pọ̀ jù, ọbẹ̀ á máa ta bí ọṣẹ. Ṣúgà kì í pa kíkan. Ahọ́n ló ń tàn. Ẹ wo tòmátì yín kí ẹ tó wo ohun mìíràn: èyí tó ní àwọ̀ ewé lórí ń kan ju èyí tó pọ́n délẹ̀ lọ. Ẹ fi ọjọ́ méjì jẹ́ kó pọ́n sílé, kì í ṣe nínú fìrígò. Ẹ dín àlùbọ́sà pẹ́, ẹ má dín káróòtù kù. Tó bá ṣì ń kan lẹ́yìn ìyẹn, ṣúgà ìdajì ṣíbí tíì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ tún sọ nínú lẹ́tà yín pé ìkòkò tí wọ́n dà lọ́dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ ni ẹ fi sè é. Ìkòkò alumíníọ́mù ni, kíkan tòmátì sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi àlòkù irin oríṣiríṣi dà lè ní òjé nínú, òjé kò sì dáa fún ọpọlọ ọmọdé. Ẹ lo tánganran tí kò tíì bó, tàbí ìkòkò irin tí kì í dípẹtà. Tí èyí tí ẹ ní bá jẹ́ alumíníọ́mù nìkan, ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ sùn nínú rẹ̀.

*Ẹran náà máa ń le bíi rọ́bà.*
*Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àjàṣẹ́*

Ohun tó fà á ni pé ẹ ti bá ọbẹ̀ sè é pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹran màlúù tó ń rọ̀ tí iná bá pẹ́, èyí ń súnkì ni, á sì tu omi ara rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3 sí 5 tó fi hó nígbà tó là, ó ti jinná. Iná kejì kò ju kó gbóná lọ.

*Aboyún oṣù márùn-ún ni mí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Ọ̀rẹ́ mi kan kà á níbì kan pé ẹran ìkarahun ní irin ju ẹ̀dọ̀ lọ, pé tí mo bá ń jẹ ẹ́, mi ò nílò oògùn ilé ìwòsàn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?*
*Àjàṣẹ́*

Ẹ má fi oògùn yẹn sílẹ̀ o.

Ohun tí ọ̀rẹ́ yín kà kì í ṣe irọ́ tí ẹnì kan dìídì pa. Ó ti gbó ni. Nínú tábìlì oúnjẹ ti ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, wọ́n kọ ọ́ pé 100 gíráàmù ẹran ìkarahun tútù ní irin tó tó mílígíráàmù 14. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n, ó já sí nǹkan bí 1.6. Tábìlì ti yí padà, àmọ́ iye àtijọ́ ṣì ń rìn kiri láti ẹnu dé ẹnu. Tí wọ́n bá sè é, omi ara rẹ̀ á dín kù, 100 gíráàmù á wá ní irin bíi mílígíráàmù 2.8. Nínú àwo ọbẹ̀ wa, ẹran tó wà níbẹ̀ jẹ́ bíi 65 gíráàmù, irin tó ti inú rẹ̀ wá kò sì pé 2. Iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí aboyún máa lò nínú oògùn jẹ́ mílígíráàmù 30 sí 60 lójúmọ́. Ẹ rí i pé wọn kò jọ ẹgbẹ́ ara wọn.

Síbẹ̀, oúnjẹ tó dáa ni fún yín. Àwo kan yẹn á fún yín ní purotéènì bíi gíráàmù 17 láti ara ẹran nìkan, ọ̀rá rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fítámì B12 ni ọlá rẹ̀ gan-an. Ara ń lo fítámì yìí láti ṣe ẹ̀jẹ̀ àti láti tọ́jú iṣan, inú ohun tó ti ara ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà wá la sì ti ń rí i. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́, aboyún ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nínú tábìlì kan náà, 65 gíráàmù ẹran ìkarahun sísè ní ju 60 lọ. Ó tún ní sẹlẹ́níọ̀mù dáadáa, ohun aṣaralóore tí ara ń lò díẹ̀díẹ̀.

Ti tòmátì ńkọ́? Fítámì C rẹ̀ máa ń bá irin inú ewé àti iṣu ṣiṣẹ́ kí ara lè gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ń dín in kù. Tí ẹ bá gé tòmátì tútù kan sórí àwo nígbà tí ẹ fẹ́ jẹun, ẹ ti dá díẹ̀ padà nìyẹn. Líkópínì, ohun tó ń mú tòmátì pupa, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: iná àti òróró ló ń tú u sílẹ̀ fún ara, nítorí náà tòmátì tí ẹ dín ṣàǹfààní ju tútù lọ níbi tirẹ̀. Ẹ má mu tíì lé oúnjẹ náà lórí. Ó ń dí irin lọ́wọ́. Ẹ dúró fún wákàtí kan, ó kéré tán, kí ẹ tó mu ún.

Àpapọ̀ àwo kan, pẹ̀lú iṣu àti òróró, jẹ́ nǹkan bí 290 kálórì. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná, kó jinná dáadáa. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan èyí tí kò jinná.

*Baba mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́. Ṣé wọ́n lè jẹ èyí?*
*Ọmọkùnrin kan, Sákétè*

Wọ́n lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n “a kò fi iyọ̀ sí i” kò túmọ̀ sí pé iyọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹran tó ti inú òkun wá gbé iyọ̀ tirẹ̀ wá. Nínú tábìlì tí a ń lò yìí, 65 gíráàmù rẹ̀ tí wọ́n ti sè ní sódíọ́mù bíi mílígíráàmù 800, ìyẹn gíráàmù iyọ̀ méjì. Gbèdéke Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àgbàlagbà kò tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́. Tí ẹ bá wá ju kúùbù kan sí i, kúùbù onígíráàmù mẹ́rin, bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ iyọ̀.

Fún baba, ẹ lo ìdajì omi ẹran náà, kí ẹ fi omi lásán dí ìyókù, kí ẹ má fi kúùbù sí i rárá. Tòmátì inú agolo náà, ẹ ka ara agolo rẹ̀. Àwọn kan ní iyọ̀, àwọn kan kò ní. Ata, thym àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lórí àwo á ṣe iṣẹ́ iyọ̀. Tí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín baba kò dáa, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè nítorí pòtásíọ́mù tó wà nínú tòmátì. Ẹni tó ní àrùn oríkèé tí wọ́n ń pè ní goutte náà kí ó ṣọ́ra: ẹran ìkarahun wà lára àwọn ohun tó ń ru ú sókè.

*Edé máa ń mú kí ara mi yún, kí ètè mi sì wú. Ṣé ẹran ìkarahun náà á ṣe bẹ́ẹ̀?*
*Pobẹ̀*

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè má ṣe bẹ́ẹ̀; ìdílé wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bá ara yín jà nínú edé wà nínú tirẹ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ má fi ilé dán an wò. Ẹni tí ètè rẹ̀ ti wú rí, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó ti dán an wò.

*Wọ́n ní iná ń pa gbogbo kòkòrò. Nígbà náà, kí ló kàn wá bóyá ibi tí gọ́tà ti ń ṣàn wọ ọ̀sà ni wọ́n ti kó o?*
*Arákùnrin kan, Àjàṣẹ́*

Ó kàn yín gan-an, arákùnrin wa. Ẹran yìí ń sẹ́ omi láti àárọ̀ di alẹ́, ohun tó bá wà nínú omi náà á kó jọ sí i lára. Iná tó pẹ́ tó ń pa kòkòrò onígbáméjì àti kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ní kí ó máa hó lẹ́yìn tó bá ti là, nítorí pé lílà ẹnu nìkan kì í ṣe àmì pé ó ti jinná. Ṣùgbọ́n iná kì í pa òjé àti kádímíọ́mù, tí wọ́n jẹ́ irin olóró. Kì í sì í pa májèlé tí àwọn ewédò kéékèèké kan ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pọ̀ lójú omi. Tí ètè tàbí ìka ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró kí ó kọ́kọ́ mu epo pupa.

Ẹni tó kó o níbi tó jìnnà sí ẹnu gọ́tà àti ibùdókọ̀ ojú omi kì í lọ́ra láti sọ ibẹ̀. Ẹni tó ní “inú omi ni”, ẹ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀.

*Sábẹ̀ ni mo wà. Ṣé mo lè rà á ní Àjàṣẹ́ kí n gbé e wálé?*
*Ìyá olóúnjẹ kan, Sábẹ̀*

Ní òòyẹ̀, rárá o. Nínú ọ̀rá nínú ọkọ̀ tó gbóná, á kú kí ẹ tó dé Bohicon, èyí tó kú á sì ba àwọn yòókù jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sè é fún yín níbẹ̀, kí wọ́n yọ ẹran rẹ̀, kí ẹ gbé e sínú ike pẹ̀lú omi rẹ̀ tí ẹ ti sẹ́, kí ó dì gbagidi ní fìrígò, kí ẹ tó gbé e sínú àpótí yìnyín. Tó bá dé Sábẹ̀ tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀, ó dára.

Èyí tí wọ́n sá gbẹ náà wúlò. Omi ló jẹ́ bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ẹran tútù, nítorí náà 100 gíráàmù gbígbẹ á gbapò 400 tútù. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tọ́ omi yẹn wò kí ẹ tó lò ó. Iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an. Nítorí pé olóúnjẹ ni yín: ọbẹ̀ tó bá kù, ẹ pín in sínú abọ́ tí kò jìn kí ó tètè tutù, kí ó wọ fìrígò láàárín wákàtí méjì, ọjọ́ mẹ́ta sì ni òpin rẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tà nìkan ni kí ẹ gbóná, kó hó dáadáa. Tí iná bá lọ mọ́jú, ẹ má gbọ́ òórùn rẹ̀ láti fi mọ̀. Ẹ dà á nù.

*Mo rí i lórí ẹ̀rọ alágbèéká pé wọ́n ń fi wàrà sè é. Èwo ni ojúlówó?*
*Kétu*

Ìjà àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. Ti ìhà ìlà-oòrùn àríwá wọn funfun, wàrà ló wà níbẹ̀. Ti Manhattan pupa. Ní 1939, aṣòfin kan ní ìpínlẹ̀ Maine gbé àbá òfin wá pé kó di èèwọ̀ láti fi tòmátì sí i. Láàárín àwa tí a kì í sè láìsí tòmátì, ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yìí. Ti pupa kò ní ọ̀rá wàrà, kálórì rẹ̀ sì kéré. Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ pa méjèèjì pọ̀ lórí iná: kíkan tòmátì á mú kí wàrà dì wẹ́wẹ́.

*Ṣé a lè fi irú sí i?*
*Kétu*

Kò sí ẹni tó máa mú yín. Lójú tiwa, irú á bo òórùn ẹran náà mọ́lẹ̀, ẹ ó sì ti ná owó palourde láti jẹ ọbẹ̀ irú.

*Mo ń sin adìyẹ tó ń yé ẹyin. Ṣé ìkarahun tó kù wúlò?*
*Ìyálé kan, Kétu*

Ó wúlò dáadáa. Ohun tí èèpo ẹyin fi ń le gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara ìkarahun yẹn. Ẹ fọ iyọ̀ àti ẹran tó kù kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sá a gbẹ, kí ẹ gún un nínú odó títí yóò fi tó ìdajì hóró àgbàdo. Ẹ má gún un di lẹ́búlẹ́bú, torí pé èyí tó tó hóró ló ń pẹ́ nínú iwe adìyẹ, tí yóò fi wà níbẹ̀ lóru nígbà tí èèpo ẹyin ń dá. Ẹ gbé e sínú abọ́ ọ̀tọ̀, kí ẹ má pò ó mọ́ oúnjẹ wọn. Èyí tó ń yé á lọ jẹ ẹ́, àkùkọ kò ní bìkítà fún un.